Ìtọ̀ Tí Èkó Ń Dà Nù

Ní ilé ìlera tó wà ní Kétu tàbí Ìkòsì, pépà aláwọ̀ ni wọ́n ń tì bọ ìtọ̀ aláìsàn láti wò ó bóyá ṣúgà tàbí amúaradàgbà wà nínú rẹ̀. Ìyókù, wọn a dà á nù. Ìyókù yẹn gan-an ló yẹ kí ìjọba Èkó máa tọ́jú. Àìmọye àpò bíńtín tí sẹ́ẹ̀lì tú jáde ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń pè ní exosome kò ju bí 30 sí 150 nánómítà lọ. Ní àwọn ọdún 1980, pàǹtí tí sẹ́ẹ̀lì ń kó dà síta ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà wọ́n sí. Ní 2004, Trairak Pisitkun, Mark Knepper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà bá oríṣi amúaradàgbà 295 nínú irú àpò bẹ́ẹ̀ tó bá ìtọ̀ ènìyàn jáde, títí kan èyí tí kíndìnrín fi ń dá omi padà sára. Asẹ́ kíndìnrín kì í sábà jẹ́ kí irú àpò bẹ́ẹ̀ ti inú ẹ̀jẹ̀ kọjá, nítorí náà ọ̀dọ̀ kíndìnrín, àpò-ìtọ̀ àti próstéètì ni púpọ̀ jù nínú wọn ti wá. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n kà yóò mọ ipò tí àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí wà láìfi abẹ́rẹ́ gún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ara ta ni wọ́n fi kọ́ kíkà náà? Àyẹ̀wò kan ti wà lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà tó ń fi exosome inú ìtọ̀ mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ próstéètì tó burú ń bá ọkùnrin tó ti tó 50 ọdún jà. Ẹni tí àmì rẹ̀ kò bá ju 15.6 lọ, ewu tirẹ̀ kéré. Ìtọ̀ àwọn ọkùnrin Amẹ́ríkà ni wọ́n fi mọ ààlà yẹn. Kò sí ẹ̀rí pé yóò bá ọkùnrin Ọjọ́ta mu. Ọ̀rọ̀ kíndìnrín ti fi irú èyí hàn rí. Láti 2010 ni wọ́n ti mọ̀ pé ẹ̀dà apilẹ̀ àbùdá APOL1 méjì kan, tó wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá, lè ba kíndìnrín jẹ́. Ìwádìí láti Amẹ́ríkà ní àfi bí ènìyàn bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá kó tó léwu. Nígbà tí Rasheed Gbadegesin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá yẹ àwọn ará Nàìjíríà àti Gánà wò, èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2024 ni pé ẹyọ kan pàápàá ń dá kún ewu. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí Èkó ní ìtọ̀ àwọn ará rẹ̀ nípamọ́.

Àwọn kan yóò ní ibi tí pépà aláwọ̀ ti ń tán, kí ni ti exosome níbẹ̀? Òótọ́ ni pé pépà yẹn àti wíwọn ìfúnpá gbọ́dọ̀ ṣáájú. Àtakò tó le jù ni ti iná, nítorí òtútù ìwọ̀n 80 lábẹ́ òdo ni ìtọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, ẹ̀rọ tó ń ya àwọn àpò náà sọ́tọ̀ sì gbówó lórí. Ṣùgbọ́n títọ́jú ìtọ̀ pamọ́ lè ṣáájú ìyàsọ́tọ̀: firísà díẹ̀ tí iná rẹ̀ dájú tó láti fi bẹ̀rẹ̀, ibùdó ọkàn àti kíndìnrín ti ìjọba sì wà nítòsí ní Gbàgádà.

Ìbẹ̀rù kan wà tí owó kò lè yanjú. Ní Mile 12, ta ni kò tíì gbọ́ pé wọ́n lè fi ìtọ̀ ẹni ṣe ẹni? Ẹni tó bá fi ìyẹn rẹ́rìn-ín kò lè fi ti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń kó lọ sókè òkun rẹ́rìn-ín, èyí tí ẹni tó ni ín kì í gbúròó rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, kí ìjọba kọ́kọ́ bá àwọn tó ń gba ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà sọ̀rọ̀, kí ìwé àdéhùn wà ní Yorùbá àti Haúsá, kí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sì wà ní ìpamọ́, kí dókítà tó bá rí ohun tó léwu lẹ́yìn ọdún mélòó kan lè mọ ẹni tí yóò pè.