Kí Òjò Tó Dé: Ètò Ìdílé fún Ọjọ́ Ẹja Pípa

  

Àwa tí a ń gbé ní agbègbè Zone industrielle ní Yopougon mọ bí ọjọ́ ti ń rí lọ́dọ̀ wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bàbá ti wọ gbaka lọ síbi iṣẹ́. Kí ìyá tó ti ọjà dé, ilẹ̀ ti ṣú. Inú páálí ẹja dídì ni ọmọ wa ti mọ ẹja. Kò yani lẹ́nu, nítorí púpọ̀ nínú ẹja tí a ń jẹ ní Côte d'Ivoire ló ń ti òkèèrè wá nínú yìnyín. Ọmọ ń jẹ attiéké àti ẹja, kò sì tíì rí ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ rí. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sà Ébrié àti àwọn odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ kò jìnnà sí wa.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lóṣù yìí nípa bí ìdílé ṣe lè ṣètò ọjọ́ kan fún ẹja pípa. Kì í ṣe ọ̀pá àti ìwọ̀ la ó fi ṣáájú. Omi ní àkókò tirẹ̀, omi sì ní ẹni tó ni ín. Òbí tó bá wádìí méjèèjì yìí kó tó ra ìwọ̀ ni yóò kó ọmọ lọ ní pípé, tí yóò sì kó wọn bọ̀ ní pípé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àsìkò yìí?

Àwọn ará wa tó wà ní Ìlú Ọba máa ń sọ pé bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, láti oṣù kẹta lọ, ni àwọn apẹja ibẹ̀ máa ń gbé ọ̀pá lọ sí etí odò. Àwa kò ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò la ní. Síbẹ̀, láti oṣù kẹta sí ìdajì oṣù kẹrin dára fún àwa náà. Ìdí rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá. Tó bá fi máa di oṣù kẹta, omi odò ti fà. Odò inú igbó bí Agnéby máa ń kún nígbà òjò oṣù kẹfà àti oṣù keje. Comoé àti Bandama, tí wọ́n ń ti apá àríwá ṣàn wá, máa ń kún ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá nítorí òjò tó rọ̀ lọ́hùn-ún. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni gbogbo wọn máa ń rọlẹ̀ pọ̀. Nígbà náà ni omi iyọ̀ máa ń gba Canal de Vridi, tí wọ́n ṣí ní 1950, wọ inú ọ̀sà lọ jìnnà, àwọn ẹja òkun kan á sì bá a wọlé.

Bí oṣù karùn-ún bá ti dé, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ará Àbíjáǹ kò tíì gbàgbé òjò oṣù kẹfà ọdún 2018, tó pa èèyàn tó lé ní 15 láàárín òru kan. Òjò tó lè gbé mọ́tò ní títì, kí ni kò ní ṣe ọmọ kékeré létí odò? Bí ẹ bá débẹ̀ tí omi ti pọ́n bí ẹrẹ̀, tí igi àti ìdọ̀tí ń ṣàn lórí rẹ̀, ẹ padà sílé. Odò kò ní sá lọ.

Fún òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́, Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ló sábà máa ń bọ́ sí àsìkò tó dára yìí. Ìsinmi ni fún gbogbo èèyàn, àti Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì.

Odò wo ni ká lọ?

Odò Banco ló sún mọ́ wa, èyí tí àwọn afọṣọ tí wọ́n ń pè ní fanico sọ di olókìkí. Ṣùgbọ́n inú Parc national du Banco ló ti ń ṣàn wá, igbó tí ìjọba ń dáàbò bò gẹ́gẹ́ bí ọgbà orílẹ̀-èdè láti 1953. A kì í pa ẹja níbẹ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ wo igi àti omi pẹ̀lú afinimọ̀nà, kí ẹ fi ìwọ̀ sílé.

Ibi tó rọrùn jù fún àlọ-àbọ̀ ọjọ́ kan ni apá ìwọ̀-oòrùn: Songon àti Dabou. Láti Yopougon, ẹ kò ní la Plateau kọjá, ọ̀nà náà kò sì tó kìlómítà 50. Nítòsí Dabou ni odò Agnéby ti ń wọ ọ̀sà. Jacqueville náà ti rọrùn láti ìgbà tí afárá Philippe Grégoire Yacé ti rọ́pò bac tó ń gbé mọ́tò sọdá, ní 2015. Ọ̀sà wà lápá kan níbẹ̀, òkun wà lápá kejì. Apá ọ̀sà ni kí ẹ kó ọmọ lọ. Ìgbì òkun etíkun wa kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń bá ṣeré.

Grand-Bassam, níbi tí Comoé ti ń dé etí òkun, wà ní ìlà-oòrùn, nǹkan bíi kìlómítà 40 sí Àbíjáǹ. Ó dára, àmọ́ ará Yopougon ní láti la ìlú já kó tó débẹ̀, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ sì lè jẹ ìdajì ọjọ́. Grand-Lahou, ní ẹnu odò Bandama, jìnnà jù fún ọjọ́ kan pẹ̀lú ọmọ kékeré. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń wá tarpon máa ń lọ, ẹja ńlá tó lè gùn ju àgbàlagbà lọ. Ìṣàn ibẹ̀ lágbára, ẹnu odò náà ń ṣí kiri, òkun sì ti gba púpọ̀ nínú ìlú àtijọ́ ibẹ̀. Àgbàlagbà ló yẹ kó lọ síbẹ̀, pẹ̀lú apẹja ọmọ ìlú náà.

Ta ló ni omi?

Àwọn Ébrié ló ni abúlé Songon, àwọn Adioukrou ló wà ní Dabou, àwọn Alladian ní Jacqueville, àwọn Avikam ní Grand-Lahou. Kí a tó dé ni àwọn àgbà wọn ti ń ṣètò omi wọn. Ibòmíràn wà tí a kì í ju ìwọ̀ sí, ọjọ́ kan sì wà tí a kì í wọ odò.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ti Èjìgbò wá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ní Òṣogbo, nípìnlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà, a kì í pa ẹja nínú odò Ọ̀ṣun ní igbó òrìṣà. Lẹ́bàá Daloa ní orílẹ̀-èdè yìí, ẹja àrọ̀ Sapia jẹ́ ẹja ọ̀wọ̀, kò sẹ́ni tó ń fi wọ́n se ọbẹ̀.

Ìjọba náà ní òfin tirẹ̀. Láti oṣù keje ọdún 2023 ni Côte d'Ivoire ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹja pípa lójú òkun dúró fúngbà díẹ̀, kí ẹja lè bímọ. Ní England, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ kó tó ju ìwọ̀ sódò, ọ̀pọ̀ ẹja odò ibẹ̀ ni a kì í sì í pa láti ọjọ́ 15 oṣù kẹta títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹfà. Ọ̀rọ̀ àṣẹ kì í ṣe ìwà ìlú kékeré.

Nítorí náà, kí àgbàlagbà kan lọ ṣáájú. Kó kí olórí abúlé, kó sì bèèrè: Níbo la lè dúró sí? Ọjọ́ wo ni èèwọ̀? Níbo ni àwọn apẹja dẹ àwọ̀n wọn sí? Ta ló lè mú wa lọ, èló sì ni owó rẹ̀? Àwọ̀n apẹja ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìwọ̀ ọmọ wa kò gbọdọ̀ fà á ya.

Ìwọ̀ oníìyẹ́ àti ìwọ̀ elékòló

Àwọn ẹbí tó ń ti London wá sinmi lè gbé ọ̀pá tín-ín-rín kan dání, tí kì í lo ekòló. Ìyẹ́ àti òwú ni wọ́n ń dì mọ́ ìwọ̀ kó lè jọ kòkòrò tàbí ẹja wẹ́wẹ́. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, òǹkọ̀wé Aelian ti sọ nípa àwọn apẹja Masidóníà tó ń di òwú pupa àti ìyẹ́ àkùkọ mọ́ ìwọ̀. Ìwọ̀ náà fúyẹ́, kò sì ní òjé lára, nítorí náà okùn tó wúwo ló ń gbé e lọ. Èyí ló fà á tí ẹni tó ń jù ú fi nílò àyè lẹ́yìn bó ti nílò rẹ̀ níwájú.

Èpìyà, tí ará Àbíjáǹ ń pè ní carpe, lè gbé ìwọ̀ oníìyẹ́ kékeré mì. Kúta, ìyẹn barracuda, máa ń lé èyí tó jọ ẹja wẹ́wẹ́. Ọ̀bọ̀kún, tí wọ́n ń pè ní mâchoiron, ìsàlẹ̀ omi ló ti ń wá oúnjẹ, ekòló ló sì dára fún un. Fún ọmọdé, ọ̀pá ọparun, okùn àti ìwọ̀ kékeré tó.

Ẹ má ju ìyẹ́ adìẹ tí ẹ bá pa nù. Ẹ fi ìrọ̀lẹ́ kan di ìwọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí ẹ sì máa fi Yorùbá pe orúkọ ẹja fún wọn. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀pá tí kò ní ìwọ̀ dánra wò ní pápá gbangba, jìnnà sí wáyà iná. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró lẹ́yìn ẹni tó ń ju okùn.

Ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ kì í di ọ̀pá mú

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí a sọ, ẹ má gbàgbé èyí. Ọmọ tó ń rì kì í sábà pariwo. Ó máa ń rì ní ìdákẹ́jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wo àwọn ọmọ lọ: kò ní di ọ̀pá mú, kò ní tẹ fóònù. Kí wọ́n máa gbà á fún ara wọn ní wákàtí wákàtí.

Bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé kọ́ ló yẹ kó ṣe é. Ojú tí kò sùn lóru yóò tòògbé létí omi. Kó sùn lábẹ́ igi ní tirẹ̀, kí ẹlòmíràn ṣọ́ ọmọ.

Kí ọmọ kankan má ṣe wọ ọkọ̀ láìsí ẹ̀wù ìléfòó tó bá a mu. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n máa wọ́dò níbi tí omi kò ti fi bẹ́ẹ̀ ṣàn tí koríko pọ̀ sí, nítorí bilharzia, àìsàn tó lè mú ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀.

Ẹja wo la ó gbé délé?

Omi ìdọ̀tí ilé àti ti iléeṣẹ́ ń ṣàn wọ àwọn apá ọ̀sà tó wọ inú ìlú, irú bíi Baie du Banco. Ẹ má jẹ ẹja tí ẹ bá pa níbẹ̀. Iná ń pa kòkòrò, àmọ́ kò lè mú májèlé irin bí òjé àti mẹ́kúrì kúrò lára ẹja. Níbi tí omi bá ti mọ́, ẹ mú èyí tí ẹ lè jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ dá àwọn kéékèèké padà sómi.

Ètò náà ní ṣókí

Oṣù méjì ṣáájú: ẹ bẹ̀rẹ̀ àjọ ìdílé fún owó ọkọ̀, oúnjẹ àti owó apẹja.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú: ẹ yan odò, kí ẹnì kan lọ gba àṣẹ.
Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú: ẹ di ìwọ̀, ẹ wá ẹ̀wù ìléfòó, ẹ pín wákàtí ìṣọ́.
Lálẹ́ ọjọ́ kejì ọ̀la: ẹ pe abúlé, ẹ bèèrè bí omi ti rí.
Láàárọ̀: ẹ tètè jáde, ẹ gbé omi mímu, fìlà àti oògùn ọgbẹ́ dání. Kí ilẹ̀ má ṣú bá yín létí odò.

Bí ẹ kò bá rí ẹja kankan pa, ọjọ́ náà kò ṣòfò. Ọmọ yóò ti mọ ibi tí Agnéby ti ń wọ ọ̀sà, yóò ti mọ ìdí tí a fi ń kí onílé kí a tó wọlé, yóò sì ti rí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan.

Ó di oṣù tó ń bọ̀. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àwọn ọmọ wa. Ire o.