Àpò Ìrẹsì Kọ́ Ni Ọdún

Ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò ní Abẹ́òkúta àti ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, pé ilé tí kò bá ra àpò ìrẹsì kò ṣọdún. Bí Kérésìmesì bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tàbí tí Iléyá bá ń sún mọ́lé, kì í ṣe ẹni tó ń bọ̀ wá kí wa la ń kọ́kọ́ bèèrè, kì í ṣe àwọn tí a óò gbé abọ́ lọ fún. “Ṣé ìrẹsì ti wọlé?” ni ìbéèrè. Àpò tí wọ́n ń wí náà kì í sì í ṣe àpò kan ṣá. Èyí tó funfun, tó gùn, tó ti òkè òkun wá ni. Ẹni tó bá rí i rà ti bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú. Ẹni tí kò rí i rà lè pa àgbò, ó lè se ọbẹ̀ tí òórùn rẹ̀ gba àdúgbò kan, síbẹ̀ àwọn kan yóò ní ọdún ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń pe èyí ní àṣà. Mo ní kì í ṣe àṣà. Ìgbàgbọ́ àìpẹ́ yìí ni, owó epo rọ̀bì ló bí i, ó ń kó gbèsè wọ ilé wa, ó sì ti gba ọdún lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí àwọn tó ń gbè é lẹ́sẹ̀ máa ń ní bí àwọn baba wa ti ń ṣe é nìyẹn. Ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ. Àwọn mùsùlùmí wà láàárín wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn míṣọ́nnárì sì wọ ìlú ní àwọn ọdún 1840, Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther lára wọn. Bí Iléyá àti Kérésìmesì ṣe wá dara pọ̀ mọ́ ọdún egúngún àti ọdún Orò nìyẹn, tí ọmọ ìyá méjì ń ṣe ẹ̀sìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n sì ń jẹ nínú ìkòkò kan. Fún ìran mélòó kan, ohun tó ń jáde láti inú ilé ìdáná lọ́jọ́ ọdún ni àkàrà, mọ́ínmọ́ín inú ewé, ẹ̀kọ, iyán, àti àmàlà láfún pẹ̀lú ewédú àti ọbẹ̀ ata tó kún fún ẹran. Kò sí ẹni tó jẹ ẹ́ tó rò pé òun kò ṣọdún.

Kì í ṣe pé wọn kò mọ ìrẹsì. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa, àwọn fúnra wọn ló ń gbìn ín, àwọn obìnrin wọn ló sì ń tà á. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn aláṣẹ amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà Abẹ́òkúta ní iye tó kéré sí ti ọjà. Àwọn obìnrin náà gbé ẹ̀dùn ọkàn wọn tọ ẹgbẹ́ Abeokuta Ladies' Club lọ, èyí tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ aṣáájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò dákẹ́. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú aláṣẹ, wọ́n jẹ́ kí ìwé ìròyìn gbọ́, nígbà tó sì di 1945 ìgbẹ́sẹ̀lé náà dópin. Inú ẹgbẹ́ yẹn kan náà ni ìjà owó orí ti wá jáde, èyí tó mú kí Aláké Adémọ́lá fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1949. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí nínú ìtàn yìí ni pé ìrẹsì ilẹ̀ Ẹ̀gbá níye lórí débi pé ìjọba ń já a gbà, obìnrin Ẹ̀gbá sì dìde dúró nítorí rẹ̀. Ọmọ-ọmọ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ló ń sọ lónìí pé ìrẹsì ilẹ̀ wa kò yẹ àlejò.

Àwọn ọdún 1970 ni nǹkan yí padà. Owó epo dé, náírà lágbára, ó sì wá rọrùn láti ra oúnjẹ lókè òkun ju láti gbìn ín lọ. Ọkọ̀ ojú omi ń já ìrẹsì l'Ápápá lọ́tùn-ún lósì, àgbẹ̀ ìrẹsì ilẹ̀ Ẹ̀gbá tó wà ní Ọbáfẹ́mi-Òwódé kò sì lè bá a díje. Ìjọba Shagari tún dá ìgbìmọ̀ pàtàkì sílẹ̀ lórí ìrẹsì, ìrẹsì sì di ohun tí olóṣèlú fi ń fa ojú èèyàn mọ́ra. Nígbà tí ìjọba ológun fòfin dè é láti 1986 títí di 1995, ahọ́n ti yàgò fún ti ilé. Àwọn onífàyàwọ́ ló jèrè òfin náà. Bákan náà ló rí nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020: Ìdírokò wà ní ìpínlẹ̀ wa níbí, a mọ ohun tó ń gba inú igbó kọjá lóru. Ẹni tó bá ń pe èyí ní àṣà àwọn baba wa ń fi orúkọ baba ta ọjà oníṣòwò.

Ibo ni ìrẹsì náà ti ń wá? Thailand àti Íńdíà ló pọ̀ jù nínú èyí tó ń gba Kùtọnu wọlé sọ́dọ̀ wa. Ẹ wá wo bí àwọn ará Íńdíà fúnra wọn ṣe ń ṣọdún. Ní gúúsù ilẹ̀ wọn, àwọn Tamil ní ọdún kan tí wọ́n ń pè ní Pongal, ní àárín oṣù Kìíní. Ìrẹsì tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè ni wọ́n ń sè, pẹ̀lú mílíìkì àti ṣúgà pupa tí wọ́n fi ìrèké ṣe. Wọ́n á jẹ́ kó hó títí yóò fi ru bo ẹnu ìkòkò, bó bá sì ti ru, gbogbo ilé á hó ìhó ayọ̀. Ohun tí ilẹ̀ wọn mú jáde ni wọ́n fi ń dúpẹ́. Ohun tí àwọn ará Èkìtì náà ń ṣe nìyẹn nígbà ìjẹṣu. Àwọn tó ń ta ìrẹsì fún wa kò gbà pé oúnjẹ tí wọ́n kó ti ilẹ̀ ibòmíràn wá ló ń sọ ọjọ́ di ọdún. Àwa tí a ń rà á ni a gbà bẹ́ẹ̀.

Wọn kì í sì í fi tilé sílẹ̀ nítorí tiwa. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ìjọba Íńdíà fòfin de kíkó ìrẹsì funfun tí kì í ṣe basmati jáde, kí oúnjẹ má baà wọ́n fún àwọn ará ilé wọn. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé owó ẹnubodè ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé èyí tí wọ́n ti bọ̀, irú èyí tí a fẹ́ràn jù. Ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe. Ọdún yẹn kan náà ni náírà já wálẹ̀. Nígbà tó fi di Kérésìmesì 2024, àpò ìrẹsì oní 50 kílò ti ju ₦100,000 lọ, bẹ́ẹ̀ ₦77,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ń san nígbà náà. Òṣìṣẹ́ tó fẹ́ pé òṣùwọ̀n ọdún yóò fi gbogbo owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀, yóò tún yá kún un, kó tó ra ata, kó tó ra ẹran, kó tó wọ ọkọ̀ lọ kí ìyá rẹ̀. Pé iye náà wálẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn kò yí ọ̀rọ̀ padà: àwọn mìíràn ló gbé e sókè, àwọn mìíràn ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ò mọ̀ sí i.

Oṣù Kejìlá yẹn tún fi ohun tó burú ju gbèsè lọ hàn wá. Ní ọjọ́ 21, ní Òkìjà ní Ìpínlẹ̀ Anambra àti ní Maitama l'Ábújá, àwọn èèyàn tẹ ara wọn pa níbi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì àti oúnjẹ ọdún. Ìyá wà níbẹ̀, ọmọdé wà níbẹ̀. Ebi ló gbé wọn débẹ̀, mi ò sì ní bu ẹ̀bi lé òkú lórí. Àmọ́ mo bi àwọn tó ń pín in, àti àwọn olóṣèlú tó ń tẹ àwòrán ara wọn sára àpò kékeré: ta ló kọ́ wa pé kóńgò ìrẹsì kan ló yà wá sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kò ṣọdún?

Ẹnì kan yóò ní, “Ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Ṣebí láti Bràsíl ló ti wá, àwọn Potogí ló gbé e dé. Ata àti àgbàdo náà kì í ṣe ọmọ ibí. Láfún tí ẹ ń pọ́n lé náà àjèjì ni.” Òótọ́ ni, ó sì gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀. Mi ò bá ohun ọ̀gbìn jà nítorí ibi tó ti ṣẹ̀. Ẹ̀gẹ́ di ti Ẹ̀gbá nítorí pé ọwọ́ Ẹ̀gbá wọ inú rẹ̀: wọ́n gbìn ín, wọ́n rẹ ẹ́ sómi títí ó fi rọ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sá a sórí àpáta tí oòrùn ti mú gbóná, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, títí tí àwọn ìlú mìíràn fi ń fi láfún bá wa ṣàwàdà. Ìrẹsì náà ti di tiwa lọ́nà kan náà, ní Ọ̀fadà àti ní Mokoloki. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a máa fi ohun tí ọwọ́ wa kò kàn rí ṣe òdiwọ̀n ayọ̀ wa.

“Ìrẹsì Ọ̀fadà lókùúta, ó sì ń rùn.” Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù nìyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Òkúta kì í hù lára ìrẹsì. Orí ilẹ̀ lásán tàbí etí títì tí wọ́n ti ń pa á, tí wọ́n sì ń sá a, ló ti ń kó o. Bí àgbẹ̀ bá ní tapólì tó fẹ̀, tí ẹ̀rọ tó ń ṣa òkúta sì wà nítòsí, ọ̀rọ̀ òkúta parí. Owó ni àìsàn yẹn ń fẹ́, àwa tí a ń kówó fún ọkọ̀ ojú omi sì ni a kò jẹ́ kí owó náà dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀. Ní ti òórùn, láti inú rírẹ tí wọ́n ń rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó bọ̀ ọ́ ló ti ń wá, bí òórùn irú àti ti láfún ṣe ń wá láti inú ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe wọ́n. Ẹ gbé e sínú ewé éèran nígbà tó ṣì ń gbóná. Ẹ pa epo pupa nínú ìkòkò tí a dé pa títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yí, ẹ da àlùbọ́sà sí i, ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú irú wooro, lẹ́yìn náà ata rodo tútù tí a gún tí kò kúnná jù, kó dín títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, kí ṣàkì àti pọ̀nmọ́ wọ inú rẹ̀. Àwọn olówó Èkó ń sanwó gọbọi fún abọ́ yìí níbi ìgbéyàwó. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, FUNAAB, sì ti mú irú Ọ̀fadà méjì jáde, FUNAABOR-1 àti FUNAABOR-2. Ìmọ̀ kò jìnnà sí wa. Ọlá tí a kò fi fún un ló kù.

Àwọn obìnrin ní ọ̀rọ̀ tiwọn, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ: mọ́ínmọ́ín àti láfún ń gba àkókò, ìrẹsì rọrùn. Bíbó ẹ̀wà, lílọ̀, pípọ́n sínú ewé, gbogbo rẹ̀ níṣẹ́ nínú. Bí ẹnì kan ṣoṣo ni yóò ṣe é, ìyà gbáà ni, mi ò sì sọ pé kí ìyàwó ilé máa jìyà nítorí àṣà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró ti ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù àádọ́ta èèyàn nínú èéfín igi mọ̀ pé kò sí ìrọ̀rùn níbẹ̀ náà. Ibi tí ìnira ti wá ni pé a dá iṣẹ́ náà dá ẹnì kan. Láyé àtijọ́, àgbájọ ọwọ́ ni: àwọn ọmọ ń bó ẹ̀wà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọdún, àwọn ìyàwó ilé ń pọ́n, àwọn ọkùnrin ń la igi, ìyá àgbà ń sọ ẹni tí wọ́n bí sí ibi wo fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé. Ọdún ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jẹun. Kí àwọn ọkùnrin òde òní náà bó ẹ̀wà.

Wọ́n á tún ní àwọn ọmọ ò fẹ́ nǹkan mìíràn ju ìrẹsì lọ. Ẹ sè é fún wọn. Kò sí ohun tó burú nínú ìrẹsì lórí tábìlì ọdún. Kóńgò méjì yóò tó ilé tí oúnjẹ mẹ́ta mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ku àwọn tí yóò ní Ọ̀fadà wọ́n ju ti òkèèrè lọ, pé mo kàn ń sọ fún tálákà kó jókòó jẹ́ẹ́ ni. Ó wọ́n nítorí pé kò pọ̀, kò sì pọ̀ nítorí pé òde ìnáwó nìkan la ti ń bèèrè rẹ̀, àgbẹ̀ kò sì lè dá oko ńlá nítorí àpèjẹ tí kò dájú. Bẹ́ẹ̀ a ní owó tó dájú. Nínú ìjọ, nínú ẹgbẹ́ àdúgbò, nínú aláfowósowọ́pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti àjọ àwọn ọlọ́jà Kútọ̀, a ń dá owó ìrẹsì ọdún láti oṣù Kìíní, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, tí owó náà á jókòó títí di oṣù Kọkànlá kí alágbàtà tó wá gbé e lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo bẹ àwọn akápò ẹgbẹ́ wọ̀nyí pé kí wọ́n gbé ìdajì rẹ̀ lọ sí Ọbáfẹ́mi-Òwódé nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n bá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kọ̀wé àdéhùn, kí wọ́n kọ tapólì àti ṣíṣa òkúta sínú rẹ̀, kí wọ́n sì dá iye tí wọ́n óò rà á lé kí irúgbìn kankan tó bọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ tí yóò kó o láti ibẹ̀ dé Abẹ́òkúta kò ní kọjá ẹnubodè kankan.