Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ìdọ́gba Lórúkọ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì ni ọ̀rọ̀ wa kàn lọ́tẹ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fi LaTeX tẹ àpilẹ̀kọ àṣekágbá yín. Lórí TeX, tí Donald Knuth bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1977, ni Leslie Lamport gbé LaTeX kà.

Bí ẹ bá fọwọ́ ara yín kọ “wo ìdọ́gba 7”, tí olùkọ́ sì ní kí ẹ fi ìdọ́gba kan kún orí kìíní, 7 ti di 8 nìyẹn. Ẹ̀rí tí ó pé yóò wá di ohun tí ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò kò lè tẹ̀ lé mọ́. Nítorí èyí ni \label fi wà fún sísọ nǹkan lórúkọ, tí \ref sì wà fún pípe orúkọ náà. Kọ̀ǹpútà ni yóò máa ka nọ́ńbà.

Àwọn àgbà ní, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ má ṣe pe ìdọ́gba ní eq:7, nítorí pé bí nọ́ńbà bá yí padà, orúkọ ti di irọ́. Bí ó bá jẹ́ ti ìrìn ooru, ẹ pè é ní eq:ooru. Ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ dà bí orúkọ ìdílé: eq: fún ìdọ́gba, fig: fún àwòrán, tab: fún àtẹ, thm: fún tíọ́rẹ̀mù. Ẹ lo lẹ́tà lásán, láìsí àmì ohùn.

Orúkọ kan kò gbọdọ̀ jẹ́ ti nǹkan méjì. Bí ẹ bá da ìdọ́gba kan kọ sí ibòmíràn, ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà. Lábẹ́ àwòrán, ẹ jẹ́ kí \label tẹ̀ lé \caption. Bí ó bá ṣáájú, nọ́ńbà ìpín ìwé ni ó sábà máa ń gbé jáde. Ẹ jẹ́ kí LaTeX ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán: ní ìgbà kìíní ni ó ń kọ orúkọ sínú fáìlì .aux, ní ìgbà kejì ni ó ń kà á. Bí ?? bá ṣì wà lójú ìwé, a jẹ́ pé orúkọ tí kò sí ni ẹ pè. Àkójọ showkeys yóò tẹ orúkọ gbogbo síta kí ẹ lè rí wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé orúkọ tí ó sọnù nìkan ni kọ̀ǹpútà mọ̀; kò mọ èyí tí ẹ ṣì pè. Kí ẹ tó gbé ìwé lọ fún olùkọ́, ẹ fi ojú ara yín tọ ìtọ́kasí kọ̀ọ̀kan dé ibi tí ó ń júwe.