Òkúta Ojú Oórì Kì Í Ṣe Ọta Òrìṣà

Ní agbègbè Sligo, ní ìwọ̀ oòrùn Ireland, òkè kan wà tó ń jẹ́ Knocknarea. Ó ga tó mítà 327. Òkìtì òkúta ńlá kan wà lórí rẹ̀, tó fẹ̀ tó nǹkan bí mítà 55, tó sì ga tó mítà 10. Àwọn tó ń gbé ilẹ̀ náà ní nǹkan bí 5,000 ọdún sẹ́yìn ló kó o jọ. Àwọn onímọ̀ gbà pé ibojì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì gbẹ́ ẹ wò. Nínú ìtàn ilẹ̀ náà, Medb, ọbabìnrin Connacht, ni wọ́n sin síbẹ̀ ní ìdúró, tó kọjú sí àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní Ulster.

Àwọn ibojì kéékèèké tó yí i ká kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ rárá. Láàárín ọdún 1800 sí 1900, àwọn tó ń wá ohun àtijọ́ gbẹ́ wọn, wọ́n sì tú òkúta wọn ká. Òkìtì ńlá náà là á já, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àlejò ló ń bá jà báyìí. Bí wọ́n ṣe ń gùn ún, òkúta ń yí wálẹ̀, ipa ọ̀nà sì ti là sí i lára. Àwọn mìíràn a sì mú òkúta lọ sílé. Àwọn aláṣẹ ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gùn ún mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olórìṣà tó wà lókè òkun. Olórìṣà mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo òkúta ló ń di ọta. Inú odò ni ti Ọ̀ṣun ti ń wá. Ẹdùn àrá ni ti Ṣàngó. Obì ló sì ń sọ bóyá òkúta gbà láti bá ẹni lọ. Òkúta tí wọ́n fi bo òkú ti ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó gbé e, òrùlé ilé olókùú ló ń ṣí. Ta ni yóò gbà kí àlejò ṣe bẹ́ẹ̀ sí ojú oórì baba rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹbọ. Epo pupa a máa wọ inú òkúta, kì í ṣeé fọ̀ kúrò bọ̀rọ̀. Èéfín àbẹ́là a máa mú un dúdú, iná a sì máa sán an. Ẹni tó bá fẹ́ júbà àwọn tó ni ilẹ̀ ṣe dáadáa, torí onílé là ń kí ká tó wọlé. Kó dúró nísàlẹ̀ òkìtì, kó ta omi tútù sílẹ̀ lórí koríko, kó fi ẹnu júbà, kó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Omi àti ọ̀rọ̀ ẹnu tó.

Àṣẹ.