Ọyẹ́ Kọ́ Ló Ń Pa Adìyẹ Yín

Tí oṣù Kejìlá bá ti wọlé ní Kabba, tí eruku bá ti bo àwọn òkè tó yí ìlú ká, ẹ máa gbọ́ ọ: "Ọyẹ́ ti kó adìyẹ Ìyá lọ." Àǹtí á pè láti Bùnú pé mẹ́sàn-án ló kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pé ọyẹ́ ọdún yìí le. Ará Ìjùmú á ní tàwọn náà rí bẹ́ẹ̀. Lórí WhatsApp ìdílé, a ó fi emoji tó ń sunkún ránṣẹ́, ẹnì kan á ní Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò, ọ̀rọ̀ bùṣe. Tó bá di ọdún tó tẹ̀ lé e, orin kan náà ni.

Ọyẹ́ kọ́, ẹ jàre. Irọ́ ni, irọ́ náà sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá wa.

Ẹ kọ́kọ́ wo pẹ́pẹ́yẹ. Nínú àgbàlá kan náà tí adìyẹ mẹ́sàn-án ti kú, pẹ́pẹ́yẹ ń jùdí kiri, ó ń ti orí bọ omi tútù láàárọ̀ kùtù, omi tí èmi àtẹ̀yin ò lè fọwọ́ kàn. Tó bá jẹ́ òtútù ló ń pa ẹyẹ, ṣebí òun ni ì bá kọ́kọ́ kú? Àwọn kan á ní ara pẹ́pẹ́yẹ gba òtútù. Ó dáa, irú èyí tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, tó ní ẹran pupa lójú yẹn, Gúúsù Amẹ́ríkà nílẹ̀ ooru ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀. Kì í ṣe ẹyẹ ilẹ̀ yìnyín.

Adìyẹ gan-an ńkọ́? Ara rẹ̀ gbóná ju tiwa lọ, ó tó nǹkan bí 41°C, ó sì wọ kóòtù ìyẹ́ lé e. Ní Kánádà àti ní Ìlú Ọba, àwọn èèyàn ń sin ín lẹ́yìnkùlé nínú yìnyín. Tí ẹ bá wo fídíò wọn dáadáa, ẹ ó rí i pé ọ̀rinrin ni wọ́n ń sá fún, àti atẹ́gùn tó ń fẹ́ lu ẹyẹ lójú oorun. Wọ́n á jẹ́ kí ilẹ̀ ilé adìyẹ gbẹ, wọ́n á dá ihò sí òkè ògiri kí èémí àti òórùn ìgbẹ́ lè jáde, wọ́n á rí i pé omi mímu kò dì. Òru ọyẹ́ tó le jù ní Kabba kò sì tutù tó inú fìríìjì yín.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn èèyàn wa ń rí kọ́ nínú fídíò yẹn ni gílóòbù tó ń mú ilé gbóná. Wọn ò ní gílóòbù, iná NEPA ò sì sí, ni wọ́n bá di gbogbo fèrèsé pa, wọ́n gbé èédú tó ń jó sínú ilé adìyẹ. Èéfín á wá bá wọn ṣe ohun tí ọyẹ́ ò lè ṣe.

Òròmọdìyẹ yàtọ̀, mo gbà. Kò tíì hu ìyẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń fẹ́ ooru bíi 32 sí 35°C, tí à ń dín kù díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí kò bá rí abẹ́ ìyá rẹ̀ sá sí, òtútù lè pa á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àgbébọ̀ tó ti yé, tó ti pa, tó ti la ọyẹ́ méjì kọjá?

Ẹ bi Ìyá bó ṣe kú. Wọ́n á ní ìgbẹ́ rẹ̀ dà bí ewé, apá rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ó ń la ẹnu mí, ọrùn rẹ̀ wá lọ́ pọ̀. Lúkúlúkú nìyẹn. Òyìnbó ń pè é ní Newcastle, torí pé ó jà nítòsí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1926. Ní Nàìjíríà, ìjà rẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, láti oṣù Kejìlá 1952 sí oṣù Kejì 1953. Ẹ tún àwọn oṣù yẹn kà. Ó bá ọyẹ́ rìn, ibẹ̀ ni irọ́ yìí ti rí ẹsẹ̀ dúró.

Nínú iṣẹ́ tèmi, tí app bá ń dákú ní aago méjìlá òru lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́ pé òru ló pa á. A ó wo log, a ó wá ohun tó ń ṣiṣẹ́ lásìkò yẹn. Lásìkò ọyẹ́, fáírọ́ọ̀sì yìí ń pẹ́ láyé ju ìgbà ooru lọ. Eruku àti òtútù ń tán ẹyẹ lókun. Èyí tó wá burú jù ni pé Kérésì ń bọ̀: adìyẹ ń ti abúlé kan dé ọjà Kabba, ó ń ti ọjà wọ abúlé mìíràn, gbogbo wọn nínú àgò kan náà. Ẹni tí adìyẹ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tòògbé á sáré gbé e lọ tà kó tó kú, ẹni tó rà á á sì gbé lúkúlúkú délé. Pẹ́pẹ́yẹ tó ń jùdí kiri yẹn pàápàá lè gbé fáírọ́ọ̀sì náà sára láìṣàìsàn, kó máa yà á sínú omi tí adìyẹ ń mu. Àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Àwa ń lé ọyẹ́, akátá wà nínú ilé.

Kò sóògùn tó ń wò ó. Red and yellow tí wọ́n ń tú sómi, ata, kán-ún, ọ̀kan kan nínú wọn ò lè pa fáírọ́ọ̀sì. Àjẹsára ló wà. NVRI ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, tó ti wà láti 1924, ń ṣe é. Èyí tí wọ́n ń pè ní I-2, Australia ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, adìyẹ abúlé bíi tiwa ni wọ́n sì ṣe é fún. Kì í tètè bàjẹ́ nínú ooru bíi àwọn yòókù, kò sì gba abẹ́rẹ́. Ẹ̀kán kan sójú, iye kan náà fún òròmọdìyẹ àti àkùkọ, nígbà tí ara wọn ṣì dá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún.

Ṣé àwọn ìyá wa ló wá ya òpè? Rárá. Igo kan máa ń tó ọ̀pọ̀ adìyẹ, Ìyá ní méjìlá péré. Tí wọ́n bá sì ti pò ó, kì í pẹ́ bàjẹ́. Èèyàn ni wọ́n nílò, kí adúgbò kó adìyẹ jọ sórí igo kan. Kíkó èèyàn jọ sì ni àwa ọmọ Okun fi ń yangàn! A lè dá owó aṣọ ẹgbẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. A ń dá owó òkú, owó gbọ̀ngàn, owó ọdún. A ó wá wakọ̀ láti Èkó àti Abuja wálé ní December, a ó máa béèrè pé adìyẹ ìbílẹ̀ dà nínú ọbẹ̀.

Ẹ má sì sọ fún mi pé kí wọ́n kúkú máa sin bróílà. Ta ló fẹ́ máa ra fíìdì? Adìyẹ Ìyá ń ṣa àgbàdo tó dà nílẹ̀ jẹ, òun ni báńkì wọn. Púpọ̀ nínú àwa tó ń tẹ laptop lónìí, adìyẹ ni wọ́n tà fi ra fọ́ọ̀mù ìdánwò wa.

Iṣẹ́ oṣù Kẹwàá ni, kí ọyẹ́ tó wọlé. Ẹnì kan á ka adìyẹ adúgbò, ẹnì kan á gbé kúlà lọ bá dókítà ẹran, a ó mú wọn nírọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n bá ti wọ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà nínú Kabba, àwọn ọmọ ibẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kán an sójú. Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn pé ọyẹ́ ni, kó wá bá wa ní January, ká jọ ka èyí tó kù lágbàlá tiwa àti tiẹ̀.