Kí Kíláàsì Padà Sí Ojúlé: Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Ìjọ Tó Wà Ní Anthony

Owó aṣọ ìkórè ni mo lọ gbà. N kò ní purọ́ pé àánú ló gbé mi débẹ̀. Ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa ní Anthony, nílùú Èkó, ti forúkọ sílẹ̀ fún aṣọ, kò sì tíì san kọ́bọ̀. Wọ́n ní kí n lọ rán an létí, nítorí èmi ni bàbá kíláàsì rẹ̀. Mo gba ẹ̀yìn ilé, mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, mo kan ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ kó tó ṣí i. Ó fi etí ìró nu àga kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá, ó ní kí n jókòó, òun sì fìdí lé bẹ́ẹ̀dì. Sìlíńdà gáàsì ló fi ṣe tábìlì rédíò, torí ó ti pẹ́ tí gáàsì ti tán nínú rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò náà. Ó ti fi abẹ gé hóró kọ̀ọ̀kan sí méjì kó lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ó ti fa káàdì kíláàsì rẹ̀ yọ nínú ọ̀rá tó fi wé ìwé orin. Oṣù mọ́kànlá ló jẹ. "Bàbá Kíláàsì," ó ní, "ṣé owó lẹ bá wá?"

Ọ̀sẹ̀ méje ni kò ti yọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi tí wọ́n ń pè ní bàbá rẹ̀ nínú ìjọ, n kò mọ̀. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ló mú mi kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí, mo sì fẹ́ kó dé ọwọ́ gbogbo ìjọ àdúgbò wa, àwọn tó ń jókòó ṣe ìsìn àti àwọn tó ń fò sókè ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí kíláàsì ti wá, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé orúkọ owó ni. Ní oṣù Kejì ọdún 1742, ní ìlú Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọlẹ́yìn John Wesley, ẹni tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, ń wá bí wọ́n ṣe máa san gbèsè ilé ìsìn wọn. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Captain Foy dábàá pé kí oníkálukú máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀. Wọ́n ní àwọn tálákà kò ní lè dá a. Foy ní ó dáa, kí wọ́n kó mọ́kànlá tó tòṣì jù lọ fún òun, òun á máa yà lọ́dọ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tí kò bá ní, òun á san tirẹ̀. Bí àwọn tó kù náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé nítorí pẹ́nì, ojú wọn là sí bí àwọn ará ṣe ń gbé. Wesley rí i kíá pé ohun tóun ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án 1842, Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú ìhìnrere Mẹ́tọ́díìsì. Títí dòní, Mẹ́tọ́díìsì àti Áńgílíkà ń gba owó kíláàsì lọ́dọ̀ wa.

Owó náà nìkan ló kù. Foy ń san fún ẹni tí kò ní. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí kò ní ló ń sá fún bàbá kíláàsì. Bó bá sì kú, ní ọ̀pọ̀ ìjọ, wọ́n á kọ́kọ́ tú káàdì rẹ̀ wò, àwọn ọmọ á san gbèsè òkú kí àlùfáà tó wọ aṣọ ìsìn. Ta ló kọ́ wa nírú èyí?

Ẹnìkan lè sọ pé Anthony kì í ṣe àdúgbò aláìní. Ibi tí Ọ̀nà Ìkòròdú ti pàdé ọ̀nà Òṣòdì sí Gbàgádà ni wá. Àwọn tó ń tọrọ lẹ́bàá ọ̀nà, a ń rí wọn, a ń na ọgọ́rùn-ún náírà sí wọn láì wo ojú wọn. Àwọn tí mò ń wí wà lẹ́yìn fẹ́ńsì. Láti 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí jálá epo fò láti nǹkan bí 190 náírà kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀ wá sí ìsìn tẹ́lẹ̀ ti ń fẹsẹ̀ rìn, a sì ń yìn ín pé eré ìdárayá yẹn bá a lára mu. Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tó ní ilé lè má ní ohun tó máa jẹ nínú ilé náà. Irú wọn kì í na ọwọ́. Aṣọ tí wọ́n fi ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ju tiwa lọ.

Ọlọ́rọ̀ inú Lúùkù orí 16 kò lu Lásárù, kò sì lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nínú ìtàn náà ni pé, nígbà tó dé ibi iná, orúkọ Lásárù ló ń pè. Ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀! Ìjọ àkọ́kọ́ náà gbàgbé ènìyàn: nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6, wọ́n fo àwọn opó kan níbi ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì kò kéde ààwẹ̀ lé e lórí. Ọkùnrin méje ni wọ́n ní kí ìjọ yàn sídìí iṣẹ́ náà, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé wọn lórí bí ẹni tó fẹ́ lọ wàásù.

Ẹ má sọ fún mi pé Ẹgbẹ́ Dọ́kásì wà. Aṣọ tí Dọ́kásì inú Bíbélì rán, lọ́dọ̀ àwọn opó Jópà ni wọ́n ti rí i nígbà tó kú. Tiwa, ara àwọn ọmọ ẹgbẹ́ la ti ń rí i, tó bára mu láti gèlè dé bàtà.

Àwọn kan á ní ẹlẹ́tàn pọ̀. Òótọ́ ni, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì ti ń rí wa mú. Ta ló lè fi sìlíńdà òfìfo tan ẹni tó ń yà nílé rẹ̀ lóṣooṣù? Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ ìjọba ni. Kí ìjọba ṣe tirẹ̀, n kò bá wọn jà. Àmọ́ ìjọba kò lè mọ̀ pé ìyá kan ń gé oògùn sí méjì. Àwa tí a jọ ń kọrin lórí bẹ́ǹṣì kan náà la lè mọ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká pín kíláàsì ní òpópónà dé òpópónà. Bàbá kíláàsì tó ń gbé ní Ìkòròdú kò lè mọ ìdáná ẹni tó ń gbé ní Anthony. Kí olórí kíláàsì máa yà ní ojúlé kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó má mú ìwé rìsíìtì dání. Ẹni tí kò bá ní owó kíláàsì, kí àpò kíláàsì san án, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Kí ìgbìmọ̀ ìjọ gbọ́ ìròyìn àbẹ̀wò kí wọ́n tó gbọ́ ìròyìn owó. Gbèsè òkú, kó wọlẹ̀ pẹ̀lú òkú. Bí opó Mùsùlùmí bá ń gbé nínú ọgbà kan náà, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà lára ojúlé yẹn.

Owó dà? Ìdámẹ́wàá tí à ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ìjọ, kí ìjọ náà san án lórí owó ìkórè rẹ̀. Diutarónómì orí 14 ti sọ àwọn tó yẹ kó jẹ nínú ìdámẹ́wàá ọdún kẹta: ọmọ Léfì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àlejò, ọmọ òrukàn àti opó. Ti ọmọ Léfì nìkan là ń rántí.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá kíláàsì, ẹ mú ìwé orúkọ yín lọ́jọ́ Sátidé yìí, ẹ wo ẹni tí ẹ kò tíì rí láti oṣù kan, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Láti ṣọ́ọ̀ṣì wa dé yàrá ìyá yẹn, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni. Mo ti fi aago kà á.