Májèlé Inú Ọtí: Láti Òde-Ìrèlè dé Ọgbà Àjàrà Yúróòpù

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú òjijì wọ Òde-Ìrèlè, ìlú tí kò jìnnà sí Ìkọ̀yà wa yìí. Orí a kọ́kọ́ fọ́ aláìsàn, ojú rẹ̀ a ṣókùnkùn, kò sì ní í mọ nǹkan kan mọ́. Láàárín ọjọ́ kan, ó ti kú. Ó lé ní ènìyàn 15 tí ó bá a lọ. Àwọn kan ní òrìṣà Molokun ni inú ń bí, nítorí pé wọ́n já wọ ojúbọ rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní tirẹ̀, kọ́kọ́ fura sí oògùn apakoríko. Nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ jáde, mẹ́tánọ́ọ̀lù ni wọ́n bá níbẹ̀, èyí tí àwọn olóògbé mu nínú ògógóro.

Mẹ́tánọ́ọ̀lù kò ní àwọ̀, òórùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti ọtí. Bí ó bá wọ inú ara, a di ásíìdì tí ń ba iṣan ojú jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ojú fi ń fọ́ kí ẹ̀mí tó lọ. Kò pẹ́ tí ó tún pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ni àjọ NAFDAC bá fi òfin de ògógóro. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, níbi tí ògógóro ti rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, irú òfin bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe ju pé kí ó lé àwọn tí ń sè é wọ inú igbó.

A dá apakoríko láre lọ́jọ́ náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a dá láre nínú ẹjọ́ kan lè ní ẹjọ́ mìíràn láti jẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ẹgbẹ́ PAN Europe (ẹgbẹ́ tí ń bá oògùn oko jà ni, kí á fi ìyẹn sọ́kàn) gbé àbájáde àyẹ̀wò ọtí àjàrà 49 láti orílẹ̀-èdè 10 jáde. Ohun tí wọ́n ń wá ni TFA, kẹ́míkà tí oògùn oko kan àti afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ amúǹkantutù ń dà nígbẹ̀yìn, tí kì í sì í jẹrà. Ọtí tí a fún ṣáájú ọdún 1988 kò ní in rárá. Ti ọdún 2021 sí 2024 ní in, máíkírógíráàmù 122 nínú lítà kan ní ìpíndọ́gba. Ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kì í dá ènìyàn wólẹ̀ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n Jámánì ti dábàá pé kí a ka TFA mọ́ àwọn kẹ́míkà tí ó lè ṣe ọmọ inú léṣe. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá, àwa tí ọtí àjàrà orí tábìlì Olúwa wa ń ti òkèèrè wá.

Ẹ̀yin ará, ẹ kíyèsí bí wọ́n ti ṣe mọ̀. Ìgò ní ọdún lára, ó sì ń pẹ́ nílẹ̀, nítorí náà ọtí àtijọ́ lè jẹ́rìí. Ògùrọ̀ tiwa kì í dúró dè wá. Bí ilẹ̀ bá fi mọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti kan. Bẹ́ẹ̀ inú àbàtà ni igi ògùrọ̀ ń gbé, níbi tí omi tí ó fọ oko gbogbo ń ṣàn sí. Nàìjíríà fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, ó sì fòfin de atrazine ní ọdún kan lẹ́yìn náà. Èkíní a máa lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, èkejì a máa bá omi lọ. Òfin kò sì lè hú èyí tí a ti fọ́n sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgágù tí a dá sílẹ̀ fún sáyẹ́ǹsì wà ní Òkìtìpupa nítòsí wa. Kí ìjọ àti ẹgbẹ́ àwọn adẹ́mu bu omi àbàtà àti ògùrọ̀ tí a dá láàárọ̀ kan náà, kí wọ́n kọ ọjọ́ sára ìgò, kí wọ́n sì béèrè níbẹ̀ iye tí àyẹ̀wò yóò ná wọn.